Baálé Ilé Tó Ń Jẹun ní Poudrière

Bí a bá ní ká ka àwọn ọkùnrin Yorùbá tí wọn kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara wọn, Àlàájì Ṣàmsúdéènì ni à bá fi ṣáájú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, tó ti ń ta àńkárá àti léèsì ní ọjà Katako ní ìlú Niamey láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣì dúdú. Àwọn oníplánkó ló wà lẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú igi ń bà lé léèsì láàárọ̀, òun náà ń gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n ti bá ara wọn gbé pẹ́ débi pé kò bínú mọ́. Ó mọ aṣọ dénú. Bó bá fi àtàǹpàkò ra á lẹ́ẹ̀kan, á sọ fún ọ bóyá yóò ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ kejì. Tó bá di ti ọ̀rọ̀ ìdáná, ọmọ ìkókó gbọ́n jù ú lọ. Kàfáyá ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Sàlímà, kò jẹ́ kó sún mọ́ ààrò rí, òun náà kò sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun sún mọ́ ọn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún yìí, Sàlímà, àkọ́bí wọn tó wà nílé ọkọ ní Ìlọrin, bí ọmọkùnrin. Ta ni yóò máa wẹ ọmọ? Ta ni yóò máa fi omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ? Ìyá Sàlímà di àpò mẹ́ta, ó ní oṣù mẹ́ta lòun yóò lò. Kó tó lọ, ó fa ọkọ rẹ̀ lé Ràódátù lọ́wọ́. Ràódátù ni ìyàwó Ìdrìsù, àbúrò Àlàájì, ilé wọn kò jìnnà. Òun ni yóò máa gbé oúnjẹ wá.

Nígbà tí ọkọ̀ fẹ́ gbéra, Ìyá Sàlímà yọ orí láti ojú fèrèsé.

"Bàbá Sàlímà, mi ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ rántí ìlérí yín."

"Mo rántí," ni Àlàájì wí.

Ìlérí yìí dàgbà ju Sàlímà lọ. Ní ọdún kejì tí wọ́n fẹ́ ara wọn, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Niamey, Ṣàmsúdéènì rí ibì kan ní Lamordé, létí odò, tó ti ń jẹ ẹja díndín lọ́wọ́ obìnrin Zarma kan, ọmọ ibẹ̀. Ẹja ló ń jẹ. Títí dòní ló ń fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí pé ẹja ni. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn? Láàárín wa, ọkùnrin tó bá ń jẹun lọ́wọ́ obìnrin níta, ìyàwó ló ń fi ẹnu wá. Àwọn èèyàn ti dájọ́ yìgì fún un kí òun tó mọ orúkọ ẹlẹ́ja. Kàfáyá kò pariwo, kò sì jà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó gba Ògbómọ̀ṣọ́ lọ, ó di oṣù mẹ́jọ. Àgbà mẹ́ta ló lọ bẹ̀ ẹ́. Lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ṣàmsúdéènì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún àwọn àna rẹ̀, tó ní, "N kò ní jẹun níta mọ́ láyé mi." Oṣù mẹ́jọ yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Ó ní òun á jí láàárọ̀, òun á gbọ́ igbálẹ̀ ní ilé ẹlòmíràn, òun á sì sunkún.

Ó mú ìlérí náà ṣẹ fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Bí wọ́n pè é síbi ìkómọ, á gba oúnjẹ tirẹ̀ sínú ọ̀rá, ilé ni yóò ti jẹ ẹ́. Bó bá lọ sí Kotonu ra ọjà, Ìyá Sàlímà á di gúgúrú, ẹ̀pà àti ẹran gbígbẹ fún un. Àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Ràódátù. Ràódátù kì í ṣe ọ̀lẹ, ìyẹn ni kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣeé sọ. Bí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, abọ́ rẹ̀ ti dé: ó gbóná, ó mọ́, ó kún. Kò kàn níyọ̀ ni. Dókítà ti ní kí Ìdrìsù yé jẹ iyọ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, ọgbẹ́ inú kò sì jẹ́ kó lè fẹnu kan ata. Ìkòkò kan náà ni Ràódátù sì fi ń se ti ilé méjèèjì. Ọbẹ̀ ọ̀hún dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ọbẹ̀ mìíràn.

Ta ni yóò wá sọ fún un? Ẹ̀gbọ́n ọkọ kì í bá ìyàwó ilé ṣàríyànjiyàn lórí iyọ̀. Bó bá dá abọ́ padà, ìjà ẹbí nìyẹn. Bó bá fẹ́ fi iyọ̀ sí i fúnra rẹ̀, ó ní láti mọ ibi tí iyọ̀ wà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbójú, ó wọ ilé ìdáná. Ó tú agolo mẹ́ta, ó rí nǹkan kan tó funfun, ó bu ṣíbí méjì sí ọbẹ̀, ó rò ó pọ̀. Káún ni. N kò ní sọ ohun tí inú rẹ̀ fojú rẹ̀ rí títí di ọjọ́ kejì.

Láti ọjọ́ náà, Mùhàmmádù, ọmọ Zarma tó ń ṣọ́ ilé wọn, ló ń jẹ oúnjẹ Ràódátù. Á ní "Fofo, Àlàájì," ìyẹn ẹ ṣeun lédè wọn, á fọwọ́ gba abọ́, á sì jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀. Búrẹ́dì àti tíì ni Àlàájì fi ń gbé ẹ̀mí ró. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mùhàmmádù yọ, ti Àlàájì wọnú. Inú Ràódátù ń dùn pé abọ́ ń ṣófo, ó sì fi kún ìwọ̀n oúnjẹ náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, oòrùn oṣù kẹrin ń ta bí ẹní bínú. Àlàájì gbé aṣọ lọ fún télọ̀ kan ní àdúgbò Poudrière. Bó ṣe ń padà, òórùn kan dá a dúró lójú ọ̀nà: àlùbọ́sà tó ń din nínú òróró, aáyù, ata ilẹ̀, àti nǹkan mìíràn tí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ilé pẹlẹbẹ kan ni òórùn náà ti ń bọ̀, láàárín ẹni tó ń ta káàdì fóònù àti ẹni tó ń lẹ táyà. Wọ́n fi ọ̀dà kọ "Inde-Pakistan", ìyẹn Íńdíà àti Pàkísítáànì lédè Faransé, sára ògiri, eruku ti jẹ ìdajì rẹ̀. Nínú ilé, tábìlì márùn-ún ló wà, àga oníke, àti fáànù kan tó ń mirí bí ẹni tí kò gbà. Ohun tí wọ́n bá sè lọ́jọ́ náà ni oníbàárà yóò jẹ. Wọn kì í bèèrè ohun tó o fẹ́.

"Omi ni kí n kàn mu," ni Àlàájì sọ fún ara rẹ̀. Kò sí ìlérí kankan lórí omi.

Ọkùnrin tó jáde sí i sanra, ó ní irun imú tó gùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó so aṣọ ìdáná mọ́ ikùn. Àhmàd ni orúkọ rẹ̀, ará Láhórè ní Pàkísítáànì. Haúsá tó ń sọ ní Faransé nínú, ṣùgbọ́n ó ń yé èèyàn. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Àlàájì fún ìgbà díẹ̀.

"Sànnú, Àlàájì. Ẹ jókòó. Omi ń bọ̀."

Omi dé lóòótọ́, àmọ́ kò dá wá. Àwo dáàlì kan bá a wá, ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n sè títí tó fi yọ́, tó pupa rúsúrúsú, pẹ̀lú búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúrò lára ààrò amọ̀. Àlàájì ní òun kò bèèrè oúnjẹ. Àhmàd ti padà sídìí ìkòkò. Àlàájì ya búrẹ́dì náà, ó rì í bọ dáàlì, ó fi sẹ́nu.

Iyọ̀ wà níbẹ̀! Ata wà níbẹ̀! Omi bọ́ lójú Àlàájì, kò sì nù ún. Ara rẹ̀ rọ̀ láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó ní, "Alihamudulilahi," ó tún un wí, ó sì jẹ àwo náà mọ́lẹ̀ bí ọmọ iléèwé.

Bó ṣe di ojoojúmọ́ nìyẹn. Lọ́jọ́ kan dáàlì ni, lọ́jọ́ kejì ìrẹsì bíríyánì tí adìyẹ sá pamọ́ sínú rẹ̀, lọ́jọ́ kẹta ọ̀dùnkún àti ẹ̀fọ́. Bí èrò bá ti dín kù, Àhmàd á gbé tíì onímílíìkì wá, á sì jókòó.

"Ìyàwó yín ńkọ́, Àlàájì?"

"Ó lọ wẹ ọmọ-ọmọ wa."

"Tèmi wà ní Láhórè. Ọdún kẹta rèé. Mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín lọ́jọ́ yẹn, mo sì mọ̀. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáná."

Àlàájì fẹ́ràn ọkùnrin náà gan-an. Bó bá sì kúrò níbẹ̀, yóò máa gbèjà ara rẹ̀ lójú ọ̀nà. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ obìnrin ló bí ìlérí òun, ọkùnrin onírun imú ló sì ń dáná níbí. Èkejì, kò sí ọmọ Yorùbá kan tó ń ya ibẹ̀. Ibi tí ojú Yorùbá kankan kò tó, ṣé a lè pè é níta? Ẹni tó bá ń wá àwáwí kì í wá a pẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọlé, á kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ onítáyà, á wo ẹ̀yìn, á wo iwájú. Ẹni tí kò jẹ̀bi kì í wo ẹ̀yìn tó bẹ́ẹ̀.

Fóònù ló tú u fó. Ìyá Sàlímà pè é lọ́sàn-án Jímọ̀ kan, lórí èyí tó ń gbé àwòrán, kó lè rí ọmọ tuntun. Inú Àlàájì dùn, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń juwọ́ sí ọmọ.

"Bàbá Sàlímà, kí ló ṣe yín níka?"

Ó wo ìka rẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn pupa rúsúrúsú dé oríkèé. Ata ilẹ̀ pupa tí Àhmàd ń fi sí dáàlì kò gbọ́ ọṣẹ.

"Aró aṣọ ni," ló bọ́ sí i lẹ́nu.

"Aṣọ wo?"

"Àwọn àńkárá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

"Ẹ̀yin! Aṣọ tó ń ṣí ni ẹ wá ń tà fún èèyàn báyìí?"

Orúkọ rere tó fi ọgbọ̀n ọdún ó lé kọ́ ní Katako, ó tà á nítorí àwo dáàlì. Ló bá ń wúkọ́.

"Ó dáa," ni Ìyá Sàlímà wí.

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó pẹ́, ẹ mọ irú "ó dáa" tí mò ń wí.

Lọ́jọ́ kejì, Ràódátù gbé abọ́ dé, ó kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, Ìyá Sàlímà pè mí o. Wọ́n bèèrè bí ẹ ṣe ń jẹun sí. Mo ní ẹ̀ ń jẹun dáadáa, pé abọ́ kì í ṣẹ́kù rárá."

Ìyá Sàlímà mọ ọbẹ̀ Ràódátù. Ìdrìsù tó fẹ́ ẹ gan-an kì í jẹ ẹ́ tán.

Kò lọ sí Poudrière mọ́. Bí ọ̀nà bá gbé e gba ibẹ̀, òdìkejì títì ni yóò gbà, á tẹrí ba. Ó padà sí búrẹ́dì àti tíì. Ìyá Sàlímà ti máa ń pè lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀. Ó wá di ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Ọmọ á máa ké lẹ́yìn, Ìyá Sàlímà á ní, "Mo ń bọ̀," á sì pa fóònù. Lọ́jọ́ kan ó ní Sàlímà ń bẹ òun pé kí òun dúró díẹ̀ sí i. Àlàájì bèèrè pé báwo ni "díẹ̀" ṣe tó. Ó ní òun kò tíì mọ̀. Ẹ̀rù ba Àlàájì lọ́jọ́ náà débi tó fi gé ọ̀pá léèsì márùn-ún fún ẹni tó fẹ́ mẹ́ta. Oṣù mẹ́jọ yẹn ló ń rò. Ìgbà yẹn ọ̀dọ́ ni, ó lè dúró de èèyàn. Ní báyìí tó ti dàgbà, tí ìyàwó rẹ̀ sì ní ọmọ-ọmọ tí yóò máa gbé pọ̀n, kí ni yóò mú un padà? Ó fẹ́ pè é kó jẹ́wọ́, á gbé fóònù, á sì tún gbé e kalẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló pè.

"Mo ti dé Kònní lẹ́nubodè. Ẹ pàdé mi ní ibùdókọ̀ lọ́la."

Àlàájì ti wà níbẹ̀ kí oòrùn tó mú. Nígbà tí ọkọ̀ dé, Ìyá Sàlímà sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí i bó ṣe máa ń ṣe, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín. Àpò kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àpò méjì tó kù dà?"

"Wọ́n wà ní Ìlọrin."

Àyà Àlàájì já. Ẹni tó bá fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan, ibẹ̀ ló ń padà sí. Ó gba àpò kan náà mọ́ra, ó dá takisí dúró, ó ní kó gbé wọn lọ sílé.

"A ò lọ sílé," ni Ìyá Sàlímà wí. "Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà."

"Obìnrin wo?"

"Èyí tó ń pa ìka yín láró. Ọbẹ̀ olóróró lásán kì í kun èèyàn bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fojú rí i. Tí mo bá ti rí i, n ó mọ èyí tí n ó ṣe."

Àlàájì sọ fún onítakisí pé Poudrière ni.

Ìyá Sàlímà kò jókòó. Ó gba àárín tábìlì kọjá, ó ká aṣọ ìkélé ẹ̀yìn, ó wọ ilé ìdáná lọ tààrà. Àlàájì sáré tẹ̀ lé e. Àhmàd wà nídìí iná, òógùn bò ó, ó ń ro ìkòkò.

"Obìnrin tó ń dáná níbí dà?" ni Ìyá Sàlímà bèèrè ní Haúsá.

"Kò sí obìnrin, Hájíà. Èmi ni."

"Ìwọ?"

"Èmi nìkan."

Ó wo irun imú rẹ̀. Ó wo ikùn rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ó ṣí agbada wò, bóyá ẹnì kan ṣì fara pamọ́ síbì kan. Lẹ́yìn náà ló wo ọwọ́ Àhmàd: ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá pupa rúsúrúsú dé ọrùn ọwọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi di ògiri mú, títí gèlè rẹ̀ fi tú. "Onírun imú!" ló ń wí. "Láti Ìlọrin! Ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀! Nítorí onírun imú!" Àhmàd kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ló bá ń bá a rẹ́rìn-ín.

Síbẹ̀ ọkàn Àlàájì kò tíì balẹ̀ tán.

"Ìyá Sàlímà, mo ti da ìlérí. Níta ni mo ti jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àti àpò yẹn..."

"Àpò wo? Aṣọ ọmọ ló kún inú wọn lọ. Kí ni n ó fi àpò òfìfo ṣe nínú ọkọ̀? Ọ̀rọ̀ iyọ̀ Ràódátù, ẹ fi sílẹ̀ fún mi, èmi obìnrin mọ bí n ó ṣe bá a sọ ọ́." Ó so gèlè rẹ̀ padà. "Ebi ń pa mí. Ẹ jẹ́ ká jókòó."

Wọ́n jókòó. Àhmàd gbé àwo dé, Ìyá Sàlímà dìde láti gbà á. "Jókòó, Hájíà," ni Àhmàd wí. Ó jókòó. Omi dé, ó tún dìde. Wọ́n tún ní kó jókòó. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ lẹ́rán nígbà tí ẹlòmíràn ń gbé oúnjẹ. Ó mú itan adìyẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ nínú àwo, Àlàájì tì í padà sí tirẹ̀. Ìyá Sàlímà tọ́ ọ wò. Ó jẹ búrẹ́dì kan tán, ó mú èkejì, kò gbé ojú sókè. Nígbà tó yá, Àlàájì rí omi lójú rẹ̀.

"Ṣé ata ni?"

"Ata kọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún. "Bàbá Sàlímà, ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé. Nílé wa níhìn-ín, oúnjẹ ọwọ́ ara mi ni mò ń jẹ. Mo dé Ìlọrin, èmi náà ni mò ń dáná fún ìyá ọmọ. Kí n tó jókòó, èéfín á ti yó mi. Àṣé báyìí ni oúnjẹ ṣe máa ń dùn tí ẹlòmíì bá sè é."

"Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ rí?"

"Kí n sọ kí ni? Ẹ ti ṣèlérí lójú àgbà mẹ́ta. Báwo ni n ó ṣe ní kí ẹ mú mi lọ jẹun níta?"

Gbogbo ọdún yẹn ni Àlàájì fi rò pé òun nìkan ni ìlérí náà dè mọ́lẹ̀.

Ìyá Sàlímà jẹun tán, ó fẹ́ dìde lọ wá omi tí ọkọ rẹ̀ yóò fi ṣanwọ́. Àlàájì fi ọwọ́ dá a dúró. Ó lọ fúnra rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ṣágo omi àti abọ́ wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ìyàwó rẹ̀, ó ń da omi sí i lọ́wọ́. Àwọn awakọ̀ méjì tó ń jẹun lórí tábìlì kejì dákẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ.

"Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́," ni Ìyá Sàlímà wí wúyẹ́wúyẹ́. "Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò," ni Àlàájì wí. "Na ọwọ́ kejì wá."